Ibi Ọlá Nínú Ọkọ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Mo kórìíra ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mi ò fi bò, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kórìíra rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò Ungwan Boro, ní Kàdúná, dúró ti ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn, ó ń fọwọ́ pa á lára láti òrùlé títí dé ìdí, ó ní àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ láyé ìgbà yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ ẹwà. Àwọn ènìyàn ń kan sáárá sí i. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ọkọ̀ yìí, àbí?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kó wọlé, kó lọ jókòó sẹ́yìn fún wákàtí mẹ́wàá, kó wá padà wá bá mi sọ̀rọ̀ ẹwà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣe bí àwàdà ni mò ń ṣe.

Mi ò ṣàwàdà. Ọkọ mi ló ra irú rẹ̀. Ó ti di olóògbé báyìí, wọ́n sì ní kí a má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo sọ ọ́ sí i létí nígbà tó wà láàyè.

Ayàwòrán ilé ni, ní iléeṣẹ́ ìjọba. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, rúlà àti pẹ́ńsù ni. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti ba ojú wọn jẹ́. Wọn kì í wo nǹkan bí nǹkan, ìlà ni wọ́n ń wò. Ní Kàdúná ìgbà náà, nígbà tí epo rọ̀bì ń rọ̀jò owó sórí ìlú, ọkọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó bá rí jẹ ń wà: èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ nílùú wa níbẹ̀, tó ga, tó gùn, tó ní búùtù tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí ọmọlúàbí. Ọkọ mi ní àpótí ni, òun kì í gun àpótí. Ó dúró títí òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ fi fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó sì ra tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta wà nídìí: gíláàsì ẹ̀yìn àti irin tó dì í mú á jọ gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ọ̀nì bá la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni òrùlé rẹ̀ kò dúró níbì kan. Láti orí awakọ̀ ló ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀, títí tó fi dé ìdí ọkọ̀.

Ọkọ mi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á di ojú kan. "Wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀," á ní, "wo ibi tó parí sí. Ìlà kan ṣoṣo ni. Ẹni tó yà á kò gbé pẹ́ńsù sókè." Ó ń yà á sí etí ìwé ìròyìn. Ó ń yà á sẹ́yìn ìwé orin ìjọ. Mo rí i nínú ìwé tí mo fi ń kọ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ìlà kan ṣoṣo, gẹ̀rẹ̀ báyìí, bí ẹni pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹta fẹ́ mọ̀.

Ilé olójúlé mẹ́jọ kan ní Kabala Costain la ń gbé. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wọlé, gbogbo ojúlé ló jáde. Ọkùnrin aránṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fọwọ́ lé orí, ó ní, "Kai! Mota ta yi kyau!" pé mọ́tò náà rẹwà. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun. Ó ṣí ìdí ọkọ̀, ó tẹ àga ẹ̀yìn síwájú, ó fi hàn wọ́n bí ibẹ̀ ṣe di pẹrẹsẹ. Ó ní ọkọ̀ yìí á gba ẹrù bíi ti àwọn oníṣòwò, á sì tún rẹwà ju ti ọ̀gá òun lọ. Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó tó di pé wọ́n gbàdúrà ìparí, ó ti wà níta, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

Kí n má purọ́, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Tí mo bá jókòó síwájú, tí a ń lọ sí ọjà, mo ń wo àwòrán wa nínú gíláàsì àwọn ṣọ́ọ̀bù bí a ṣe ń kọjá, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé ìyàwó ta ni mí nílùú yìí. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà nílẹ̀ níbẹ̀. A óò padà débẹ̀.

Àwọn tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì kì í jókòó síwájú. Dírẹ́bà ló wà níwájú, ọmọ ọ̀dọ̀ ló wà níwájú, ọ̀gá wà lẹ́yìn, lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ibi ọlá. Bóyá ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ni o, bóyá alága ẹgbẹ́ ni o, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni wọ́n ń fi í sí. Òfin yìí dára fún ọkọ̀ tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin àti òrùlé gígùn. Ọkọ mi gbé e bó ṣe wà, ó fi sínú ọkọ̀ oníláìnì kan ṣoṣo, kò sì rí i pé nǹkan kan yí padà.

Ẹni tó fi ibi ọlá náà dá lọ́lá ni ìyá mi.

Ìyá mi ga. Nínú ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, wọ́n sì ń mọ ibi tó wà láti òkèèrè nítorí pé gèlè rẹ̀ ló máa ń ga jù. Bàbá mi ti kú. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó bí. Ohun tí mo fẹ́ láyé mi nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ, pé kí ìyá mi kó wá sí Kàdúná, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, kó yé dá gbé inú ilé ńlá yẹn. Ó ti wá wò mí nígbà kan ṣáájú kí ọkọ̀ tó dé. Rélùwéè ló wọ̀ láti Ìlọrin. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Kaduna Junction pẹ̀lú gèlè rẹ̀ lórí, ó nàró ṣánṣán, ó ń kí àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ pé ó dàbọ̀ bí ẹni tí ń jáde nílé ìjọsìn.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí, ọkọ mi ní àna òun kò ní wọ rélùwéè mọ́ láyé. Ó ní òun fúnra òun ló máa lọ gbé e. A jọ lọ, èmi àti ọmọ níwájú. Nígbà tí a fẹ́ padà bọ̀, ìyá mi dúró ti ọkọ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé. Ọkọ mi ti tẹ àga mi síwájú. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibi tiyín nìyẹn." Ìyá mi tẹ̀ ba, ó fi orí wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ohun tó rí dì mú, ó fa ara rẹ̀ wọlé ní ẹyọ ẹyọ. Ọkọ mi ń wò ó pẹ̀lú ayọ̀. Mo dá àga mi padà, mo jókòó.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kàdúná, ọ̀nà Jẹ́bà àti Mokwa, ojúmọ́ kan gbáko ni. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀yìn kì í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa ni. Gíláàsì ńlá tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn sì ń gba oòrùn láti òkè wá sí àtàrí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Kò sí ògiri láàárín ènìyàn àti ẹrù. Iṣu, gàrí, epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn ìyá mi. Nígbà tí a dé Mokwa, ọkọ mi ra adìẹ mẹ́ta, ó jù wọ́n síbẹ̀ pẹ̀lú.

Kó tó di pé a dé Jẹ́bà ni ìyá mi ti tú gèlè rẹ̀. Mo rí i nínú dígí iwájú. Ó ká a sórí itan. Obìnrin tí n kò rí orí rẹ̀ ní òfìfo níta rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Nígbà tó yá ó bu omi inú ìgò sí aṣọ kékeré kan, ó gbé e lé orí. Ọrùn rẹ̀ wọ́ sápá kan. Mo béèrè pé ṣé kò sí o. Ó ní òun ń wo igbó ni.

Ọkọ mi náà béèrè. "Màmá, ọkọ̀ ńkọ́?"

"Háà, ọkọ̀ yín dára o, àna mi," ni ìyá mi wí. "Bí ẹni sùn sórí tìmùtìmù. Ẹ ó jèrè rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìyá ìyàwó kì í bá àna rẹ̀ sọ òtítọ́ nípa oúnjẹ rẹ̀, ilé rẹ̀ tàbí ọkọ̀ rẹ̀. Ó di dandan kó yìn ín. Bí wọ́n bá fún un ní omi tó rú, á ní ó tutù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi, ó mọ èyí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyìn ọkọ̀ rẹ̀ ni, ó sì ti fẹ́ gbọ́ ọ tipẹ́. Ó gbé e mì odindi. Títí tí a fi wọ Kàdúná, ó ń sọ fún mi pé ṣé mo gbọ́ ohun tí Màmá wí.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ilé, mo wo ẹ̀yìn nínú dígí, orí ìyá mi ṣì wà ní òfìfo. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ wé gèlè yín. Àwọn ará ilé ń dúró láti rí yín." Ó gbìyànjú. Kò lè wé e. Ó kàn fi aṣọ náà bo orí bí ẹni tó ń sá fún òjò. Ojú tì mí. Kì í ṣe àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Òun gan-an ló ń dójú tì mí. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀, ó bì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní mọ́ínmọ́ín tí òun jẹ lọ́nà ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jókòó síbẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ ti ọmọ àkọ́kọ́, àlọ àti àbọ̀ ti èkejì. Nígbà tó fẹ́ padà lẹ́yìn ọmọ kejì, ó bẹ̀ mí nínú kíṣìnì pé kí n bá òun sọ fún ọkọ mi kí òun wọ rélùwéè. Mo sọ fún un. Ọkọ mi ní, "Kí ni wọn á wí nílé? Pé mo ní mọ́tò, àna mi ń ba ara rẹ̀ jẹ́ nínú rélùwéè?" Mo padà sí kíṣìnì, mo ní fún ìyá mi pé, "Ẹ má dójú tì wá, Màmá." Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní kò burú, ó lọ di ẹrù rẹ̀.

Oyún ọmọ kẹta fún mi ní wàhálà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀. Mo kọ̀wé sí ìyá mi pé àsìkò ti tó, kó kó wá pátápátá, a ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un, ọkọ mi á wá fi ọkọ̀ gbé e. Olùkọ́ kan ló bá a kọ èsì. Ó ní òun ń gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pọ̀ lọ́rùn òun, òun kò lè wá.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́! Inú bí mi débi pé mo fa ìwé náà ya. Mo bí ọmọ náà láìsí ìyá mi. Obìnrin ojúlé kẹta, ará Zaria, ló gbé omi kaná fún mi. Mo ní bí ẹgbẹ́ ìjọ bá ṣe pàtàkì ju èmi lọ, kí ẹgbẹ́ ìjọ máa jẹ́ ọmọ rẹ̀. N kò kọ̀wé sí i mọ́. Ó ń fi ẹ̀wà àti èlùbọ́ rán àwọn tó ń bọ̀ ní Kàdúná, wọ́n ń gbé e dé ilé wa láti páàkì Kawo, n kò sì ránṣẹ́ ìdúpẹ́. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi bínú báyìí. Mo mọ bí a ṣe ń bínú. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mo ń jẹ́ kó jinná.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí sójà tún gba ìjọba, ní oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Kàdúná ń se ènìyàn láàyè, ọ̀gá wa níléèwé fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó kan ní Kawo, mo sì ní ọkọ mi á gbé e. Àgbàlagbà obìnrin ni, ará Zonkwa, ó sanra, ó sì ní ẹnu. Ọkọ mi jáde, ó tẹ àga iwájú, ó ní ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ibi àgbà. Obìnrin náà wo inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"A'a," ló wí. "A gaba zan zauna. Gwiwata na ciwo."

Òun á jókòó síwájú, orúnkún ń dun òun. Ó parí. Kò sí àna níbẹ̀, kò sí ìtìjú. Ó wọlé síwájú, ó fi báàgì rẹ̀ sí itan. Ẹnu ọkọ mi ṣí sílẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje tí a ti ní ọkọ̀ yẹn, mo lọ jókòó sẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Gíga ìyá mi ni mo jogún. Bí mo ṣe gbé ìdí lé àga, gèlè mi ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tú u. Orí mi kan òrùlé, mo tẹ ọrùn sọ́tùn-ún. Oòrùn wọlé láti orí gíláàsì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó jókòó lé mi láyà. Mo wá gíláàsì tí mo lè sọ̀ kalẹ̀, kò sí. Mo wo iwájú: ọkọ mi ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi ń fẹ́ ara rẹ̀ lójú fèrèsé, atẹ́gùn ń gbé aṣọ wọn. Kò sí atẹ́gùn tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kabala Costain sí Kawo ni o. Kò tó wákàtí kan.

Ibi tí mo ti ń wá ibi tí orí mi á gbà ni mo ti gbójú sókè. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bo àjà ọkọ̀ náà nínú. Lókè orí mi, lápá ọ̀tún, ó ní àbàwọ́n kan, róbótó, ó dúdú, ó ń dán. Mo fọwọ́ kàn án. Mo gbé ọwọ́ símú. Àdín ni. Kò sí ẹni tó ń fi àdín para nínú ilé wa, àwọn ọmọ mi kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi nìkan ló ń fi àdín pa irun. Ìlà kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàwọ́n náà, tó fẹ́lẹ́, níbi tí orí rẹ̀ ti ń rìn síwá sẹ́yìn lórí aṣọ yẹn ní gbogbo ọ̀nà Mokwa, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ọkọ̀ tiwa, ọmọ tuntun wà níwájú lórí itan mi, orí rẹ̀ gún régé. Orí àgbà ló wọ́.

N kò dé ibi ìgbéyàwó náà. Ní Kawo, mo bọ́ sílẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi níwájú gbogbo ènìyàn pé ìlà kan ṣoṣo rẹ̀ ti já lójú mi. Kò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní kó lọ sẹ́yìn, kó gbójú sókè. Ó lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá ní ọkọ̀ náà dára." Mo bú u dé ibi tí àwọn awakọ̀ páàkì fi wá ń bẹ̀ mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọ rélùwéè lọ sílé. Mo bá ìyá mi lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò yí sọ́tùn-ún dáadáa mọ́. Ó ní láti yí gbogbo ara kó tó rí mi. Ó ti darúgbó láàárín ìgbà tí mò ń bínú. Ó ní òun ti dàgbà kọjá ẹni tó ń rìnrìn àjò, ì báà jẹ́ rélùwéè, pé kí n má da ara mi láàmú nípa yàrá tí a yà sọ́tọ̀. Kò sì tún fojú kan Kàdúná mọ́ títí tó fi kú.

Gbogbo bí mo ṣe mọ ẹjọ́ rò, ẹkún ló gbà á lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyà ń jẹ yín lẹ́yìn níbẹ̀."

Ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ọmọ mi," ló wí, "dígí wà níwájú rẹ. Mo ṣe bí o rí mi ni."